Ẹ̀kọ́ Sinimá: Àwọn Tí Ó Kọ́kọ́ Kọ́ Ọ, àti Oúnjẹ Tí Wọ́n Rí Jẹ Nínú Rẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti parí ìpàdé àdúrà, baba kan nínú ìjọ wa tọ̀ mí wá ní ilé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra. Ọmọ náà ti yege nínú ìdánwò ìkẹyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Òfin ni baba ń fẹ́ kí ó lọ kà ní Yunifásítì; ọmọ ní sinimá ni òun fẹ́ lọ kọ́. Baba náà jókòó, ó ṣí fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó ní, "Bàbá Ìjọ, ẹ bá mi bi ọmọ yìí léèrè. Ẹni tí ó kọ́ òfin yóò jẹ nínú òfin. Ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn yóò jẹ nínú ìṣègùn. Ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́rin jókòó sí kọ́lẹ́jì tí ó ń kọ́ sinimá, kí ni yóò jẹ?" Ọmọ náà dojú bolẹ̀. Èmi pẹ̀lú kò rí èsì fọ̀.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo lọ ka ìwé, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀, mo sì rí i pé ìbéèrè baba yìí ti ní ìtàn tí ó gùn lẹ́yìn. Nítorí kò sí olùkọ́ kan nínú wa tí a kò lè bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́la, mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ níhìn-ín, kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lè rí nǹkan sọ ju èmi lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó, nínú gbọ̀ngàn Glover. Àwọn oníṣòwò Balboa láti Barcelona ni ó gbé e wá, Herbert Macaulay sì ni ó ṣe ọ̀nà fún wọn. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tí baba rẹ̀ sì dá Ilé-ẹ̀kọ́ Girama ti C.M.S. sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fún bí ogójì ọdún ó lé, iṣẹ́ méjì péré ni ènìyàn dúdú ilẹ̀ wa ní nínú ọ̀rọ̀ sinimá: kí ó san owó kí ó sì wò ó, tàbí kí ó dúró níwájú ẹ̀rọ kí òyìnbó ya àwòrán rẹ̀. Orlando Martins, ọmọ Èkó tí a bí ní ọdún 1899, ni ó lókìkí jùlọ nínú àwọn tí ó dúró níwájú ẹ̀rọ. Ó ṣe agbérù ní Lọ́ńdọ́nù, ó ja ìjàkadì fún owó, ó bá ẹgbẹ́ adánilárayá kan fi ejò ṣeré, kí ó tó rí àyè nínú fíìmù *Sanders of the River* ti ọdún 1935. Kò sí kọ́lẹ́jì kan tí ó kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ni wọ́n rà. Bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀rọ náà, bí wọ́n ṣe ń gé fíìmù tí wọ́n sì ń so ó pọ̀, èyíinì kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni rò láti kọ́ irú rẹ̀.

Ogun ni ó yí i padà. Ní ọdún 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ẹ̀ka Sinimá kan sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn, kí wọ́n lè fi ogun náà yé àwọn ènìyàn. Ọ̀gbẹ́ni William Sellers ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, òyìnbó tí ó ti ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní Nàìjíríà, tí ó sì ti ń gbé sinimá kiri nínú ọkọ̀ láti kọ́ni nípa eku àti àjàkálẹ̀ àrùn. Nígbà tí ogun parí, wọ́n rí i pé yóò dára kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà máa ya fíìmù fúnra wọn. Nítorí náà, ní ọdún 1948, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àkrá. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀: mẹ́ta láti Gold Coast, mẹ́ta láti Nàìjíríà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí a kọ́ wọn. Sellers gbàgbọ́ pé ènìyàn dúdú tí kò mọ̀wé kò lè tètè lóye àwòrán. Nítorí bẹ́ẹ̀ ó ní kí fíìmù fún Áfíríkà máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kí a má ṣe yára gé e láti ibì kan sí ibòmíràn. Kí a má ṣe dá ọgbọ́n kankan tí ó lè da orí rú. Bí ọkùnrin kan bá ń lọ sí oko, kí a jẹ́ kí a rí i títí yóò fi dé oko. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìjálá rí, tí ẹ mọ̀ bí oníjàálá ti ń fò láti orí erin bọ́ sórí ẹfọ̀n, láti orí ẹfọ̀n bọ́ sórí baba ẹni tí ó dá àsè, tí gbogbo àgbẹ̀ tí ó jókòó sì ń lóye rẹ̀ láìsí alálàyé, ẹ ó rẹ́rìn-ín sí i. Síbẹ̀, ohun tí àwọn mẹ́fà yìí gbé ti Àkrá bọ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Wọ́n mọ ẹ̀rọ, wọ́n mọ ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì rí iṣẹ́ ìjọba ṣe. Sam Aryeetey, ọ̀kan nínú wọn, darí fíìmù *No Tears for Ananse* ní ọdún 1968, ó sì di olórí ilé-iṣẹ́ fíìmù ti orílẹ̀-èdè Gánà. Owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì: bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò jẹ, ìyẹn ni wọn ìbá fi dáhùn, kò sì sí baba tí yóò bínú sí i.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, ọ̀ràn náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ni a bí Paulin Soumanou Vieyra ní ọdún 1925. Ó lọ sí Paris, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti sinimá tí a ń pè ní IDHEC, òun sì ni ènìyàn dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó kàwé jáde níbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ náà yanjú. Ṣùgbọ́n òfin kan ti wà láti ọdún 1934, tí wọ́n ń fi orúkọ mínísítà Laval pè, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé láìjẹ́ pé ìjọba kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé, nígbà tí Vieyra àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ya fíìmù wọn ní ọdún 1955, inú ìlú Paris ni wọ́n ti yà á, wọ́n ya ìgbésí ayé àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní *Afrique-sur-Seine*. Wò ó bí ó ti rí: ọkùnrin ní ìwé ẹ̀rí ní ọwọ́, kò sì ní àyè láti fi ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ilé baba rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀nà là fún un. Ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà, ó kọ ìwé lórí ìtàn sinimá Áfíríkà, ó sì dúró ti Ousmane Sembène nígbà tí onítọ̀hún ń ṣe àwọn fíìmù rẹ̀. Sembène yìí, òṣìṣẹ́ èbúté ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti di òǹkọ̀wé kí ó tó rí i pé àwọn tí òun ń kọ ìwé nípa wọn kò lè kà á. Ó ti fẹ́ẹ̀ pé ogójì ọdún kí ó tó lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Mọ́sìkò. Nígbà tí ó padà, ó ṣe *Borom Sarret* ní ọdún 1963. Ní Dakar bákan náà ni obìnrin olùkọ́ kan wà, Safi Faye, tí ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó lọ kọ́ sinimá ní Paris, fíìmù rẹ̀ ti ọdún 1975 lórí àwọn àgbẹ̀ abúlé rẹ̀ sì lókìkí káàkiri ayé. Mo sọ èyí nítorí àwọn ọmọbìnrin tí ó wà nínú kíláàsì yín.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí ó ní eré kò lọ sí kọ́lẹ́jì sinimá kankan. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n ti wá, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ mọ̀ dáradára. Hubert Ogunde, tí a bí ní Òṣòsà ní ọdún 1916, ti ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ó ti tẹ dùùrù, ó sì ti ṣe ọlọ́pàá, kí ó tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní ọdún 1944, eré nípa ọgbà Édẹ́nì tí ó ṣe fún ìjọ Aládùúrà kan. Kola Ogunmola ṣe olùkọ́. Duro Ladipo náà ṣe olùkọ́, baba rẹ̀ sì jẹ́ katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ní Òṣogbo, bí èmi ti jẹ́ katikíìsì. Nígbà tí Ladipo mú ìlù Yorùbá wọ orin Àjíǹde ní ọdún 1961, àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ ẹ. Ìlù náà jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ sí orí ìtàgé, ó di *Ọba Kò So*, gbogbo ayé sì wá ń san owó láti gbọ́ ọ.

Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí mọ bí a ti ń kó ènìyàn jọ. Wọ́n ń fi ọkọ̀ akẹ́rù lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ta ìwé ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń bọ́ ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn nínú owó tí wọ́n pa ní alẹ́ náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, wọ́n gbé eré wọn wọ inú rẹ̀. Ohun tí ó kù ni sinimá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìtàgé àti sinimá ni ó sì mú kí kọ́lẹ́jì wúlò, jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ bí mo ti lóye rẹ̀.

Òṣèré orí ìtàgé lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí orí bá wú u, ó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò ná olówó ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù ìgbà náà, àwòrán mẹ́rìnlélógún ni ó ń gba inú ẹ̀rọ kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn fíìmù kékeré, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 400, bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ó lè lò kí ó tó tán. Owó òkèèrè ni a fi ń rà á, òkèèrè ni a sì ń fi í ránṣẹ́ sí, sí Lọ́ńdọ́nù nígbà púpọ̀, kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́ kí àwòrán tó hàn. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè kọjá kí ẹni tí ó yà á tó mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, tàbí pé ohùn kò bá ẹnu mu. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í sì í yà á ní títẹ̀léra: ikú ọba lè jẹ́ ohun tí a kọ́kọ́ yà ní ọjọ́ Ajé, kí a tó ya ìwúyè rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ rántí irú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà ní ọrùn rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ èyí lè fi oko kòkó mẹ́ta ṣòfò láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tí ó ti kọ́ ọ ni Ọlá Balógun. Ní Aba ni a bí i ní ọdún 1945, Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ka èdè Faransé ní Dakar àti ní ìlú Caen, lẹ́yìn náà ó wọ IDHEC, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí Vieyra ti jáde. Ó ṣe *Alpha* ní ọdún 1972, ó ṣe *Amadi* ní èdè Ìgbò ní ọdún 1975. Ní ọdún 1976 ni ó wá pàdé àwọn onítíátà Yorùbá: Duro Ladipo àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a ṣe *Àjàní Ògún*, Adeyẹmi Afọlayan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ade Love sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Òun ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Àwọn ènìyàn wọ́ lọ wò ó bí ẹni ń lọ sí ọjà ọdún. Ní ọdún 1979 ó darí *Ìjà Òmìnira* fún Ade Love, èyí tí a mú láti inú ìwé *Ọmọ Olókùn Ẹṣin* ti Adébáyọ̀ Fálétí. Ó darí *Aiyé* pẹ̀lú Ogunde. Ní ọdún 1982, ó darí *Ọ̀run Móoru* fún Moses Olaiya, Bàbá Sàlá. Láàrin èyí, ó lọ sí Bràsíl, ó sì ṣe fíìmù kan níbẹ̀ nípa ọmọ Nàìjíríà tí ó lọ wá àwọn ìbátan rẹ̀, àwọn ọmọ ẹni tí a ti tà sí oko ẹrú.

Ẹ kíyè sí i. Ogunde, Ade Love, Bàbá Sàlá: ọ̀gá ni gbogbo wọn, wọ́n ti lókìkí kí wọ́n tó rí Balógun. Síbẹ̀ ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó ti jókòó ní kọ́lẹ́jì ni fíìmù àkọ́kọ́ olúkúlùkù wọn gbà wá sáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni òtítọ́ ibẹ̀ ní ìhà kejì: ìgbà tí ó pàdé àwọn tí gbogbo ọjà Yorùbá ti mọ̀ ni èrò tó wọ́ tẹ̀ lé iṣẹ́ ọmọ kọ́lẹ́jì yìí. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa jiyàn nínú yàrá olùkọ́ pé ìwé ni ó ju ẹ̀bùn, tàbí pé ẹ̀bùn ni ó ju ìwé. Ní ti ọ̀rọ̀ sinimá Yorùbá, ìtàn kò gbè sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àwọn ọ̀gá náà kò sì pẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ohun tí wọ́n rí. Ogunde bá òyìnbó kan, Freddie Goode, ṣe *Jáiyésinmi* àti *Àròpin N Tènìyàn*, ó sì kọ́ ibi ìyafíìmù kan sí Òṣòsà. Ade Love bẹ̀rẹ̀ sí darí fíìmù fúnra rẹ̀, *Kádàrá* sì wà nínú wọn.

Nísinsìnyí a dé orí oúnjẹ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun mi jù. Olówó fíìmù nígbà náà kì í fi fíìmù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti fi hàn, nítorí kò mọ iye ìwé ìwọlé tí onítọ̀hún yóò tà ní tòótọ́. Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé fíìmù sínú ọkọ̀, tí yóò háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé sinimá, tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ̀nba àdàkọ díẹ̀ ni ó ní, nítorí wọ́n wọ́n. Ẹni tí ó yẹ kí ó máa ronú eré tí ń bọ̀ ni ó ń ka owó ẹnu ọ̀nà títí di òru. Bàbá Sàlá yá owó púpọ̀ láti fi ṣe *Ọ̀run Móoru*. Kí ó tó rí owó náà kó jọ padà, àwọn olè ti ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á kiri. Gbèsè yẹn dì í mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkùnrin tí ó pa gbogbo ilé ní ẹ̀rín; n kò mọ ẹni tí ó tún jìyà fún ẹ̀rín wa tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó kùnà nínú eré, Balógun kò sì kùnà nínú ìdarí. Ní ìhà kẹta ni ilé ti wó, ìhà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kọ́, tí kọ́lẹ́jì Paris pàápàá kò sì lè kọ́ ẹni tí yóò ṣòwò ní Ìdúmọ̀tà: ta ni ó ni fíìmù, ta ni ó ń tà á, ta ni ó sì ń ṣọ́ ọ?

Lẹ́yìn náà ni náírà ṣubú. Ní ọdún 1980, náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Lẹ́yìn ètò ọrọ̀-ajé ti ọdún 1986, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Okùn fíìmù àti owó ìfọfíìmù ní Lọ́ńdọ́nù di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Ogunde ṣe *Àyànmọ́* ní ọdún 1988, ó sì kú ní ọdún 1990. Fíìmù olókùn kú tẹ̀ lé e, tàbí kí n sọ pé ó dákú.

Ọ̀nà tí ó là lẹ́yìn rẹ̀ ni fídíò, ohun ìjà kan náà tí àwọn olè fi pa Bàbá Sàlá lára. Àwọn onítíátà Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí ya eré sórí kásẹ́ẹ̀tì ní ìparí àwọn ọdún 1980, Kenneth Nnebue tí ó ti ń náwó lé wọn sì gbé *Living in Bondage* jáde ní èdè Ìgbò ní ọdún 1992. Owó tí a fi ń ṣe wọ́n kéré, àwòrán sì rí bí owó rẹ̀. Nínú ìran yìí ni Túndé Kèlání ti yàtọ̀. Ó kàwé ní Abẹ́òkúta, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí gbogbo wa mọ̀. Ó ṣe ayàwòrán ní tẹlifíṣọ̀n ti Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ́nù. Nígbà tí ó padà, kò kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Ó fi ọdún púpọ̀ gbé kámẹ́rà fún àwọn ẹlòmíràn kí ó tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. *Ti Olúwa Ni Ilẹ̀* jáde ní ọdún 1993. Mo jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Ilé aládùúgbò wa kan tí ó ní ẹ̀rọ ni gbogbo wa ti wò ó, a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gba ojú fèrèsé yọjú. Èyí tí mo rántí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Mo rántí pé mo rí ojú àwọn òṣèré kedere nínú àwòrán alẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú àwọn fídíò yòókù òkùnkùn lásán ni a máa ń rí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ni ó lọ kọ́ ìyẹn ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó tún mú ìwé *Ó Le Kú* ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá di fíìmù ní ọdún 1997, wọ́n sì jọ ṣe *Ṣaworoidẹ* ní ọdún 1999. Ọ̀mọ̀wé èdè àti ọ̀mọ̀wé kámẹ́rà nínú ọkọ̀ kan.

Ọmọ Ade Love, Kúnlé Afọláyan, ka ètò ọrọ̀-ajé, ó sì ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ṣùgbọ́n ó fi báńkì sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní New York, ó ṣe *Ìràpadà* ní ọdún 2006, *Aníkúlápó* rẹ̀ sì jáde lórí Netflix ní ọdún 2022. Ẹni tí a bí sínú tíátà, tí ó mọ ìṣirò owó, tí ó sì tún lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù: ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn baba rẹ̀ pín láàrin ara wọn ni ó wà lọ́wọ́ òun nìkan. Òun náà ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà nísinsìnyí.

Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ lónìí kò ní láti lọ sí Paris. Ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì láti ọdún 1995, ọ̀pọ̀ Yunifásítì wa ni ó sì ń kọ́ni ní eré ìtàgé àti fíìmù. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé nígbà tí ọmọ bá ní òun fẹ́ ṣe sinimá, ojú ara rẹ̀ ni ó ń rí nínú àwòrán. Àwọn tí ó fẹ́ kí a rí wọn kún ojú ọ̀nà. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ kí ó má baà dún bí inú agolo, àwọn tí ó mọ iná, tí ó mọ bí a ti ń gé àwòrán tí a sì ń so ó pọ̀, tí ó lè túmọ̀ èdè Yorùbá sí ìsàlẹ̀ àwòrán láìba òwe jẹ́, kò pọ̀. Wọ́n ń rí iṣẹ́ nínú fíìmù, nínú tẹlifíṣọ̀n, nínú ìpolówó ọjà, àti ní ilé-ìjọsìn pẹ̀lú. Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí n kò mọ̀ rí títí mo fi wádìí: ìtọ́jú fíìmù àtijọ́. Ní ọdún 2016 ni wọ́n rí fíìmù *Shaihu Umar* ti Adamu Halilu níbi tí wọ́n ń kó fíìmù orílẹ̀-èdè wa pamọ́ sí ní Jọ́ọ̀sì, fíìmù ọdún 1976 tí a ti rò pé ó ti sọnù, wọ́n sì tún un ṣe ní Jámánì. Lẹ́yìn náà ni Yunifásítì Jọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè kejì lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn fíìmù Yorùbá tí mo dárúkọ níhìn-ín ń fẹ́ irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ kíákíá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò rí wò mọ́.

N kò fi pamọ́ pé iṣẹ́ náà kò ní owó oṣù tí ó dájú bí ti àwọn mẹ́fà ti Àkrá. Iṣẹ́ lè wà fún oṣù mẹ́ta, kí ó sì má sí fún oṣù márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ni kì í san owó tí wọ́n ṣèlérí. Àwọn kan wá ya eré ní ìlú wa ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n yá àga ìjọ wa fún ọjọ́ mẹ́ta, títí di òní a kò rí owó, àga méjì ni a kò sì rí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, baba náà padà wá, mo sì sọ gbogbo èyí fún un, mo sọ ti àga pẹ̀lú. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni ọmọ katikíìsì ni Duro Ladipo. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo kà wọ̀nyí, èwo ni ó ń fẹ́? Ọmọ náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ níwájú mi rí, wí pé, "Ohùn ni, bàbá mi. Gbígba ohùn sílẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́." Baba rẹ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú fọ́ọ̀mù náà wá, kí n sì máa kà á sókè kí òun lè gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ òbí, ó ní kí n kọ ọ́ pé àgbẹ̀ kòkó, kí n sì fi kún un pé òun ń lu dùndún ní ọjọ́ ọdún.